Ẹ Kọ Ọbẹ̀ Ìyá Yín Sílẹ̀ Kí Ó Tó Pẹ́ Jù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ìwé mi yìí lójú ewé àwọn òǹkàwé. Mo mọ̀ pé ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ilé tí wọ́n ti ń dáná. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni.

Tíṣà ni mo ṣe títí tí mo fi fẹ̀yìn tì. Benson níbí, n'Ìkòròdú, ni mò ń gbé. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí ìyàwó mi jáde láyé. Ẹ má ṣe rò pé nítorí kí ẹ lè bá mi dárò ni mo ṣe mẹ́nu bà á. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí a sin ín, a sin nǹkan mìíràn mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó fura nínú wa. Ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta kan àti ìwé kan tí mo rà bọ̀ ló là mí lójú.

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ mi dá owó jọ, wọ́n ní kí n lọ najú lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà. Wọ́n ní bí mo ṣe ń dá jókòó sílé yìí kò dáa. Mo ní mi ò wọ bàálù, ilẹ̀ ni mo fẹ́ gbà kí n lè rí ọ̀nà. Ni a bá gbéra ní Mile 2 ní kùtùkùtù, a gba Sẹ̀mẹ̀ wọ ilẹ̀ Benin, a la Kútọnu kọjá, a wọ Tógò, a la Lómè kọjá, a sì bọ́ sí Gánà ní Aflao. Ìwé ìrìnnà nìkan ni mo mú dání, nítorí láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fẹnu kò pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè dúró ní òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mi gbé oúnjẹ kan wá fún mi nínú ewé. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n ó pọ́n rúsúrúsú. Waakye ni wọ́n ń pè é. Mo ní kí ó mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tà á kí n bi í léèrè ohun tó fi pa á láró. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi ewé ọkà bàbà gbígbẹ hàn mí, ó ní òun ni àwọn máa ń sè mọ́ ọn. Háà! Ohun tí a fi ń se àgbo nílé wa ló wà nínú oúnjẹ wọn. Mo jẹ kenkey pẹ̀lú. Àgbàdo kíkan ni, bí ẹ̀kọ tiwa, àmọ́ ó le ju ẹ̀kọ lọ. Háríhá àgbàdo ni àwọn Gá fi ń wé tiwọn, àwọn Fante a sì máa fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé tiwọn.

Nígbà tí a dé ọjà, mo rí ọṣẹ dúdú wa níbẹ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè é? Wọ́n ní “alata samina”. Alata ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn ará wa tó ń ṣòwò níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú wá ìwé náà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí wọ́n kó lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa ló padà sílé pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwọn èèyàn lọ, orúkọ wọn dúró sára ọṣẹ. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí: bí nǹkan bá ti rí ibi dúró sí, ẹni tó ni ín lè lọ, nǹkan náà kò ní bá a lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ mi mú mi lọ sí ilé ìtàwé tó wà ní yunifásítì wọn ní Legon. Ẹni tó ti ṣe tíṣà rí, bó bá ti rí ìwé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé ńlá kan tí wọ́n kọ oúnjẹ Gánà sí. “The Ghana Cookbook” ni orúkọ rẹ̀, 2015 ló jáde. Àwọn obìnrin méjì ló kọ ọ́: Fran Osseo-Asare, ọmọ Amẹ́ríkà tó fẹ́ ọmọ Gánà, àti Barbara Baëta, ọmọ Gánà tó dá ilé-iṣẹ́ alásè Flair sílẹ̀ ní Accra. Mo ṣí i, mo rí waakye tí mo jẹ lánàá, mo rí kenkey, mo rí ata dúdú wọn tó ń jẹ́ shito. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n: báyìí ni kí omi ṣe pọ̀ tó, báyìí ni kó ṣe pẹ́ tó lórí iná. Mo san owó rẹ̀. Ọmọ mi ní, “Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ìwé oúnjẹ ṣe? Ẹ ò se omi gbígbóná rí.” Kò parọ́ mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níbi tí a dé yìí. Fún ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo fi wà pẹ̀lú ìyàwó mi, mi ò bèèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bó ṣe ń se oúnjẹ tí mò ń jẹ. Èmi yóò jókòó, àwo yóò dé. Bó bá dùn mọ́ mi, n ó ní “o ṣeun”. Bí iyọ̀ bá dín, n ó sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ mi mọ síbẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ìyá olóúnjẹ tó wà lẹ́bàá títì níbí ni mo sá di. Obìnrin náà gbìyànjú, Ọlọ́run á bù kún un, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni kì í pẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ilé ni òun wà.

Nígbà tí mo dé láti Accra, mo wọ ilé ìdáná fúnra mi. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni mo kọ́kọ́ dán wò. Mo ra ẹ̀pà lílọ̀, mo fi omi pò ó bí ìwé ṣe wí, mo dà á sórí adìyẹ, ata, tòmátì àti àlùbọ́sà, mo ń rò ó kó má baà jó nídìí ìkòkò, mo sì ní sùúrù títí òróró fi léfòó sójú rẹ̀. Ìwé ní bí òróró bá ti léfòó, ó ti jinná. Àwọn ọmọ wá lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin se ọbẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́!

Ibẹ̀ ni ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti mú ìwé náà, tó ń ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní, “Bàbá àgbà, ojú ewé wo ni ìkọ́kọrẹ́ ìyá àgbà wà?” Mo ní ìwé àwọn ará Gánà lèyí, ìkọ́kọrẹ́ kò sí níbẹ̀. Ó ní, “Tiwa ńkọ́? Níbo ni wọ́n kọ tiwa sí?” Gbogbo ilé pa rọ́rọ́.

Gbogbo ẹni tó bá mọ Ìkòròdú ló mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀bú pọ̀ nínú wa, ibi tí Ìjẹ̀bú bá sì ti wà, ewùrà àti ìkọ́kọrẹ́ kò ní jìnnà síbẹ̀. Ti ìyàwó mi, àwọn aládùúgbò máa ń mọ ọjọ́ tó bá se é. Àwọn ọmọ mi obìnrin méjèèjì ti gbìyànjú ẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ti àbúrò le bí ẹ̀bà àná. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ẹ̀gbọ́n ní màmá àwọn máa ń fi irú sí i. Àbúrò ní irọ́ ni, màmá kò fi irú kan ìkọ́kọrẹ́ rí láyé. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà níwájú mi, wọ́n sì yíjú sí mi pé kí n dájọ́. Ìdájọ́ wo? Èmi tí mo jẹ ẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, mi ò lè sọ bóyá irú wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ojú tì mí.

Bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ńbẹ ní Ẹ̀pẹ́, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun kan, mo mú agolo mílíkì kan tí mo ti fọ̀, mo mú ṣíbí ìjẹun, mo wọkọ̀ gba Ìtòikin lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo wá ṣe. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, “Ọkọ wa, ṣé ẹ fẹ́ di alásè ni?” Mo ní, “Rárá o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wá ṣe.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì rán ọmọ lọ sọ́jà Olúwo lọ ra ẹja gbígbẹ.

Bí mo bá bèèrè pé báwo ni epo ṣe pọ̀ tó, wọ́n á ní “bó bá ṣe yẹ”. Iyọ̀ ńkọ́? “Ẹ ó fojú mọ̀ ọ́n.” Mo wá dọ́gbọ́n. Ohunkóhun tí wọ́n bá ti bù, n ó ní kí wọ́n dúró ná, n ó fi agolo tàbí ṣíbí wọ̀n ọ́n, n ó kọ ọ́, kí wọ́n tó dà á síkòkò. Inú kọ́kọ́ ń bí wọn. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ló ń pè mí pé, “Ẹ wá wọn eléyìí o.”

Ohun tí mo kọ rèé, mo fi ta ìdílé gbogbo lọ́rẹ. Ewùrà kan tó wúwo tó kílò kan àbọ̀, kó jẹ́ èyí tó ti gbó, nítorí tuntun máa ń lómi jù. Ẹja gbígbẹ 2 tó tóbi díẹ̀, edé lílọ̀ ṣíbí 3, ata rodo 3, ata ṣọ̀mbọ̀ 4, àlùbọ́sà ńlá 1, epo pupa agolo mílíkì kan. Ẹ fi omi tútù ṣan iyanrìn kúrò lára ẹja, kí ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ wá fi omi gbígbóná rẹ ẹ́. Omi kejì yìí, ẹ má dà á nù! Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi lásán kún un kó pé agolo mílíkì 4, òun ni ẹ ó fi se ata lílọ̀, epo, edé àti ẹja pọ̀ títí yóò fi hó dáadáa. Ẹ rin ewùrà lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, ẹ má fomi sí i rárá, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ lù ú. Kí ẹ wá máa fi ọwọ́ já a díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Ẹ dín iná kù, ẹ dé e, ẹ má sì rò ó fún bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ ó tó rò ó jẹ́jẹ́, kí kókó díẹ̀ ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ó wà fún àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́, ó sì wà fún àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ lásán.

Àṣìṣe àwọn ọmọ mi hàn kedere. Ẹ̀gbọ́n ń fi omi po ewùrà. Àbúrò ń rò ó kó tó jinná, ó sì ń da omi ẹja nù. Ọ̀rọ̀ irú ńkọ́? Mo bi Màmá Ẹ̀pẹ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Èyí tí mo sè yìí, ti ìyá wa ni. Ti àbúrò mi yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tó délé yín ló fi nǹkan kan kún un. Mi ò bi í.” Ẹ ò rí i báyìí? Ti ìyá wọn ni mo rí gbà. Ti ìyàwó mi ti lọ. Èmi tí a jọ wà nínú ilé kan náà, mi ò bi í.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Àwọn kan á ní inú ìwé kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ oúnjẹ sísè, ẹ̀gbẹ́ àdògán ni. Òótọ́ ni, ó sì dáa bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi sìn ín rè'lé ọkọ. Lónìí, ọmọ yín ń bẹ ní ilé ìwé níbòmíràn, tàbí ó ń bẹ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láàrin Mile 12 àti Ìkòròdú títí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìgbà wo ni yóò jókòó ti àdògán?

Àwọn kan á ní àṣírí ni, ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Bí ẹni tó ń ta oúnjẹ bá fi tirẹ̀ pa mọ́, mi ò bá a jà, oko rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ń fi ọbẹ̀ inú ilé pa mọ́ fún ọmọ tí a bí? Ọbẹ̀ tí kò mì níkùn àgbà, tí àgbà bá kú ńkọ́?

Àwọn ọ̀dọ́ á ní gbogbo rẹ̀ ti wà lórí fóònù. Mo ti wò ó. Mo rí ìkọ́kọrẹ́ níbẹ̀ lónírúurú, àwọn mìíràn da mágí sí i bí ẹni ń da ajílẹ̀ sóko. Àwọn kan nínú wọn dáa. Ṣùgbọ́n ìkọ́kọrẹ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí ni. Èyí tó sọ ilé yín di ilé, ẹ̀yin nìkan lẹ lè kọ ọ́.

Ẹ má sì rò pé a kò ní ìwé rí. Ní 1934, nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí, ìwé oúnjẹ Yorùbá kan ti jáde tó ń jẹ́ orúkọ Kúdẹtì n'Ìbàdàn. J. A. Mars àti E. M. Tooleyo ló kọ ọ́. Láìpẹ́ yìí náà, àwọn ọmọ wa obìnrin tó wà lẹ́yìn odi ti ń ṣe bẹbẹ: Lopè Ariyo gbé “Hibiscus” jáde ní London ní 2017, Yewande Komolafe gbé “My Everyday Lagos” jáde ní Amẹ́ríkà ní 2023. Mo kí wọn, wọ́n káre. Àmọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn odi, àárò ilé ló ń mú un kọ̀wé. Àwa tí a wà nílé ńkọ́, ṣé àfi ká dá nìkan ká tó mọ adùn oúnjẹ wa? Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ ìwé méjèèjì. Màmá Ẹ̀pẹ́ kò lè kà wọ́n kí ó ní “rárá, ẹ ṣì í kọ níbí yìí”. Ìwé oúnjẹ wa tí àwọn àgbà obìnrin wa kò lè tún ṣe, ó kù díẹ̀ káàtó.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Àkọ́kọ́, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí wọ́n kọ oúnjẹ márùn-ún péré sínú rẹ̀ lédè Yorùbá, pẹ̀lú agolo mílíkì, ṣíbí àti kóńgò tí gbogbo wa mọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó sè é àti ìlú rẹ̀. Èkejì, mo bẹ àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ilé títọ́jú: ẹ fún wọn níṣẹ́ àṣetiléwá kan nígbà ìsinmi, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá ìyá àgbà, kó kọ oúnjẹ kan wá. Kíláàsì tó ní ogójì ọmọ yóò kó ogójì oúnjẹ wálé. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa n'Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ láti tẹ̀ ẹ́. Kò ná wọn tó owó àsè ọjọ́ kan. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin Olóòtú, ẹ fún ọ̀rọ̀ yìí ní igun kékeré kan lọ́sẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi ni mo fẹ́ bá sọ ọ́. Lálẹ́ òní, bí ìyàwó yín bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ má dúró lórí “o ṣeun”. Ẹ bi í pé, “Kí lo fi sí i?” Yóò kọ́kọ́ rò pé ẹ fẹ́ bá òun jà. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ mú bírò dání.

Ọmọ ọmọ mi ló ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ tiwa báyìí. Ó fi ìkọ́kọrẹ́ Màmá Ẹ̀pẹ́ sí ojú ewé kìíní. Ó fi ojú ewé kejì sílẹ̀ lófìfo, ó kọ sókè rẹ̀ pé “Ti Ìyá Àgbà”. Mo ní kí ló dé tí kò fi nǹkan mìíràn síbẹ̀. Ó ní bóyá ẹnì kan ṣì máa rántí. Bí ó bá wà nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí, ẹni tó jẹ ẹ́ rí n'Ìkòròdú tó sì mọ̀ bóyá irú wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì,
Benson, Ìkòròdú.